Orí Ọ̀rọ̀ Gíríìkì Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Bàámi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ

Ọsibítù dá Bàámi dúró. A ní ká kàn yà síbẹ̀ kí dókítà wo inú wọn tó ń wú ni, nọ́ọ̀sì ní kí Bàámi bọ́ bàtà kí wọ́n gun bẹ́ẹ̀dì. Ẹyinjú wọn ti pupa rúsúrúsú. Wọ́n sì ń họra ṣáá, bí ẹni tí ẹ̀rún igi wọ̀ láṣọ.

Dókítà onígíláàsì dé pẹ̀lú àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n yí bẹ́ẹ̀dì ká, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí Bàámi bí ẹni tó ń díye lé tábìlì. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Èmi o. Èmi tí mo lè ná ọjà títí ọlọ́jà á fi bẹ̀ mí pé kí n kúkú máa gbé e lọ. Gbogbo ohun tó wọ̀ mí létí ò ju "hépátò" lọ: hépátò níhìn-ín, hépátò lọ́hùn-ún.

Màámi fà mí láṣọ. "Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kẹ́ ẹ fọkàn balẹ̀."

Ẹnì kankan ò wí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Òjò láti ìdájí. Pákó tá a sá sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ti mumi yó. Iṣẹ́ ṣì kù rẹpẹtẹ lára kọ́bọ́ọ̀dù yàrá sáyẹ́ǹsì ilé-ìwé: kò tíì ní dúrọ́ọ̀, kò tíì ní ilẹ̀kùn, wọ́n sì fẹ́ gbà á kí àwọn ọmọ tó wọlé lóṣù kẹsàn-án. Èmi nìkan ló wà nídìí ẹ̀ báyìí. Kò sí wàhálà. Ọwọ́ mi yá ju ti Bàámi lọ, àwọn náà mọ̀, wọn ò kàn ní gbà ni.

Ohun kan ṣoṣo tí mi ò tíì mọ̀ ọ́n ṣe bíi tiwọn ni kíkan igi. Bàámi ò lè ra pákó kí wọ́n má fi oríkèé ìka kàn án, wọ́n á wá dẹtí sí i. Èyí tó bá dáhùn, wọ́n á gbà á. Èyí tó bá dákẹ́, wọ́n á ní nǹkan ti ń jẹ ẹ́ nínú, kódà kí ara ẹ̀ máa dán bíi díńgí. Létí tèmi, gbogbo wọn ń dún bákan náà. Bàámi ní ẹnu mi ni ò jẹ́ kí etí mi ríṣẹ́ ṣe.

Tíṣà sáyẹ́ǹsì wá wo ibi tá a bá iṣẹ́ dé. Òun náà ló kọ́ mi kí n tó já ilé-ìwé jù sílẹ̀.

"Ìwọ tó ní sáyẹ́ǹsì ò lè bọ́ ẹ nìyí."

"Ẹ ò rí i, mà? Kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀ ló ń bọ́ mi."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo wá bi í léèrè hépátò. Ẹ̀rín kúrò lójú ẹ̀. "Ẹ̀dọ̀ ni. Ẹ̀dọ̀ ta ni?"

Mo sọ fún un. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní ọ̀rọ̀ àwọn dókítà ò le tó bí wọ́n ṣe ń pè é. Orí lọ́tọ̀, ìrù lọ́tọ̀, wọ́n kàn ki ọ̀kan bọ èkejì ni bí àwa ṣe ń ki ẹsẹ̀ àga bọ ihò. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ ló ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn orí náà, àwọn èdè tó kù sì ń yá a lò títí dòní.

"Ìwọ náà ń lò ó, o ò kàn mọ̀ ni. Télì ni ọ̀nà jíjìn: tẹlifóònù, ohùn tó ti ọ̀nà jíjìn wá. Fótò ni ìmọ́lẹ̀. Máíkírò ni ohun tín-ń-tín. Àwa náà kúkú ń ṣe é. Lera, àìlera. Sàn, àìsàn. Ibi tí àwa ti ń sọ 'àì' yẹn, 'a' lásán ni tiwọn."

Mo ní kó kọ́ mi ní gbogbo ẹ̀. Ó ní gbogbo ẹ̀ kẹ̀? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kí dúrọ́ọ̀ tó parí. Orí mi pé.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Mo ti mọ̀ wọ́n. Káádíò, ọkàn. Nẹ́fírò, kíndìnrín. Gásítírò, ikùn. Hímátò, ẹ̀jẹ̀. Pólì, púpọ̀. Háípà, ó ti pọ̀ jù. Háípò, kò tó. Nío, tuntun. Mo ń fi pẹ́ńsùlù kọ wọ́n sára pákó tí mo fẹ́ fá. Kí ìfági tó pa wọ́n rẹ́ tán, wọ́n ti wọ agbárí mi. Ká ní báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ́ wa nílé-ìwé ni, èmi ni ì bá máa da àwọn dókítà láàmú báyìí.

Lọ́sàn-án, Onígíláàsì tún kó àwọn èèyàn ẹ̀ dé. Ó tẹ ikùn Bàámi, ó ní "hépátòmẹ́gálì". Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo ti mú un. Hépátò ni ẹ̀dọ̀, mẹ́gà sì ni ńlá. Bí wọ́n ṣe kọjá sí bẹ́ẹ̀dì kejì báyìí ni mo tẹ̀ sétí Bàámi.

"Wọ́n ní ẹ̀dọ̀ yín tóbi."

Bàámi wò mí. "Kò ṣe ní tóbi? Láti ọjọ́ tí mo ti bí ẹ ni mo ti ń fi í lé orí òrónro."

Màámi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Òkìkí mi ti kàn ní wọ́ọ̀dù. Dókítà Pákó ni nọ́ọ̀sì ń pè mí. Awakọ̀ tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì náà pè mí.

"Dókítà Pákó, wá bá mi tú tèmi. Wọ́n ní gásítíráítìsì ló ń ṣe mí."

"Gásítírò. Ikùn nìyẹn, bọ̀dá."

"Ikùn ń ṣe kí ni?"

"Ikùn ń dùn yín."

"Ikùn dídùn ni mo gbé wá fún wọn. Òun náà ni wọ́n tún dì fún mi pa dà?"

Gbogbo wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, orí ọ̀rọ̀ ni mo ti kọ́ parí, mi ò tíì dé ìdí ìrù.

Nígbà tí Màámi jáde lọ bu omi, Bàámi fà mí súnmọ́ra. Ọwọ́ wọn ti fúyẹ́ bí igi tó gbẹ lóòrùn.

"Gbọ́. Dókítà ò ní sọ ọ́ fún mi. Ìyá ẹ ò ní sọ ọ́ fún mi. Ìwọ ni ẹnu ẹ ò lè di nǹkan mọ́. Tí ọ̀rọ̀ yìí bá ti kọjá àtúnṣe, sọ fún mi. Mi ò fẹ́ kú síbi tí oògùn ti ń rùn. Òórùn igi ni mo fẹ́."

Mo ní kò ní kọjá àtúnṣe.

"Mi ò bi ẹ́ ní ìyẹn. Ṣé wàá sọ?"

Mo ní màá sọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Iye tá a fi ń ra pákó méjì níbẹ̀rẹ̀ ọdún, ẹyọ kan ló ń rà báyìí. Gọ́ọ̀mù náà ti gbówó lérí. Òjò. Dúrọ́ọ̀ àkọ́kọ́ ti wọlé, àmọ́ tí mo bá fà á, ó ń ké bí ọmọ ọwọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Ìròyìn ayọ̀.

Wọ́n ya àwòrán inú Bàámi. Onígíláàsì na àwòrán náà sókè sójú fèrèsé, ó ń fi bírò tọ́ka sí àwọn nǹkan roboto lára ẹ̀dọ̀, ó ní "níópílásíìmù". Mo mọ nío. Tuntun ni. Tíṣà sì sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé nínú gbogbo ẹ̀yà ara, ẹ̀dọ̀ ni wọ́n lè gé tí á tún hù pa dà. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo ti so ó pọ̀: ẹ̀dọ̀ tuntun ló ń hù sára ti tẹ́lẹ̀.

Mo sọ fún Màámi ní kọ́rídọ̀. Wọ́n kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù níbẹ̀, wọ́n ń dúpẹ́. Wọ́n pe àbúrò Bàámi lórí fóònù, wọ́n pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nílé ọkọ ẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Èmi náà ò kúkú panu mọ́. Mo ní ẹ ẹ̀ rí i báyìí, èmi tí mo sá fún ìwé, ìwé ló ń wá mi kiri.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo ròyìn fún Tíṣà. Kò rẹ́rìn-ín.

"Nío kí ni wọ́n ní?"

"Níópílásíìmù, mà."

Ó gbé sáńpépà tó ń fi ọwọ́ pa sílẹ̀. "Ta lo ti sọ fún?"

"Gbogbo èèyàn."

Ó ní mo tú orí ẹ̀ dáadáa, tuntun ni lóòótọ́. Ìrù ẹ̀ ni ohun tí a mọ, bí ẹni mọ amọ̀. Ohun tuntun tó dìde nínú ara láìjẹ́ pé ara bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. "Kókó ni. Nígbà mìíràn kì í ṣeni ní nǹkan kan. Nígbà mìíràn, jẹjẹrẹ ni."

"Ṣebí ẹ ní tuntun ni, mà."

"Olè náà, lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ wọlé, àlejò tuntun ni."

Lẹ́yìn tó lọ, mi ò lè fa ayùn gún régé mọ́. Mo gé ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀ kan kúrú. Pákó olówó gọbọi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo fẹ́ sọ fún Màámi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n ń kọrin. Mo fẹ́ sọ lánàá, àbúrò Bàámi jókòó tì wọ́n, ó ń yìn mí. Lónìí ni mo sọ. Wọ́n ń ká aṣọ Bàámi tí wọ́n fọ̀. Wọ́n ká èyí tó wà lọ́wọ́ wọn tán, wọ́n tú u, wọ́n tún ká a.

"Nígbà tó o sọ ọ́ fún mi, ṣé o ti mọ̀ ọ́n tán?"

"Mo mọ orí ẹ̀, mà."

"Orí." Wọ́n jókòó. "Èmi ni mo bí ẹ. Mo mọ̀ pé o máa ń fọ́nnu. Mo sì tún gbà ẹ́ gbọ́."

Ká ní wọ́n gbá mi létí ni, ì bá sàn fún mi.

Nígbà tó yá, wọ́n ní tó bá wá jẹ́ ohun tí àwọn ń bẹ̀rù yẹn ni, mi ò gbọdọ̀ sọ ọ́ létí Bàámi. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń pa èèyàn kí àìsàn tó pa á. Wọ́n ní kí n ṣèlérí. Mo ṣèlérí. Ìlérí méjì ló wà lọ́rùn mi báyìí, bí mo bá gbé ọ̀kan ró, èkejì á wó.

Ọjọ́rú, ogúnjọ́

Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gígùn bu díẹ̀ nínú kókó náà lọ yẹ̀ wò. Báyọ́psì ni wọ́n pè é. Báyò ni ìyè. Ìrù ẹ̀ ni wíwò. Mo béèrè ìrù ẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ṣíbí mẹ́ta ni Bàámi jẹ, wọ́n yí ojú sógiri.

Mo ní kí Tíṣà sọ orí tó burú jù fún mi. Ó ní kò sí orí tó burú. Mo ní kó ṣáà sọ ọ́. Ó fẹjú mọ́ mi, ó wá ní mẹ́tà. Mẹ́tà ni kí nǹkan kọjá ààyè ẹ̀, kó ṣípò. Tí wọ́n bá ki í mọ́ ìrù tó túmọ̀ sí ìdúró, jẹjẹrẹ ti rìn kúrò níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ní kí n má wá ọ̀rọ̀ náà kiri o. Látìgbà náà, mẹ́tà nìkan ni mò ń dẹtí sí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo fi àbẹ́là pa ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀. Kò ké mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún

Onígíláàsì sọ ọ́. Ó kọjú sí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́, ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ lórí Bàámi: mẹtásításìsì. Ojú mi ni Bàámi ń wò. Mo ń wo fèrèsé.

Mo sáré bá a ní kọ́rídọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mẹ́tà ni mo gbọ́ yẹn. Ṣé ó ti ṣípò?"

Ó bọ́ gíláàsì ẹ̀. Mi ò tíì rí ojú ẹ̀ lófo báyẹn rí. Ojú ẹni tó ti rẹ̀ ni. "Ta ló kọ́ ẹ?"

"Èmi ni mo kọ́ ara mi. Tíṣà kan kàn tì mí lẹ́yìn díẹ̀ ni."

Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ní inú ìfun ló ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló gbà wọ ẹ̀dọ̀. Iṣẹ́ abẹ ò lè kó o mọ́. Ohun tó kù ni kí ara má ni wọ́n, oògùn ìyẹn sì wà, wọ́n lè máa lò ó nílé. Ó ní òun máa bá Màámi jókòó lọ́jọ́ Ajé.

Ó ti ń lọ kó tó yíjú pa dà. "Má bínú. Mo rò pé ẹ ò gbọ́ ohun tí à ń sọ níbẹ̀ yẹn ni."

Mo ní, "A ò gbọ́ ọ, sà. Àmọ́ a wà níbẹ̀."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Màámi lọ fọ abọ́. Bàámi ní kí n gbé ìrọ̀rí wọn sókè.

"Ọ̀rọ̀ àná yẹn. Mẹ́tà nǹkan kan. Kí ni orí ẹ̀?"

Awakọ̀ bẹ́ẹ̀dì kejì dijú bí ẹni tó sùn, ọwọ́ ẹ̀ ṣì ń yí bọ́tìnnì aṣọ ẹ̀.

Mo ní, "Mi ò mọ ìyẹn."

"O ò mọ̀ ọ́n."

"Mi ò mọ̀ ọ́n, sà."

Bàámi na ọwọ́. Wọ́n fi oríkèé ìka kàn mí láyà, ó di ẹ̀ẹ̀mejì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń kan pákó. Wọ́n dẹtí sí i. Mo fẹ́ dá àpárá, mo fẹ́ fọ́nnu, mo fẹ́ sọ ohunkóhun. Ẹnu mi ò ṣí.

Wọ́n ní, "Láti ọjọ́ tó o ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, òní ni màá kọ́kọ́ gbọ́ pé nǹkan kan wà tó ò mọ̀."

Wọ́n gbé ọwọ́ wọn pa dà sórí aṣọ ìbora. Bàámi ò sunkún. Èmi ni. Wọ́n ní kí n nu imú mi kí Màámi tó dé, kí n má sì jẹ́ kí Màámi mọ̀ pé àwọn ti mọ̀ o, kò ní sùn mọ́. Mi ò sọ fún Bàámi. Mo sì ti sọ fún wọn.

Nígbà tó ṣe, wọ́n ní, "Nínú gbogbo orí tó o kó jọ yẹn, ṣé èyí tó jẹ́ ilé wà níbẹ̀?"

"Ó wà, sà. Íkò. Íkò ni ilé."

"Íkò." Wọ́n dijú. "Ó dáa. Gbé mi lọ sí íkò."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ilé. Dókítà bá Màámi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ajé bó ṣe wí, Màámi sì wá tú Bàámi nínú pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn lọ sinmi nílé díẹ̀. Bàámi ronú sí i bí ẹni tí kò rò ó rí, wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Mi ò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Bí a ṣe ń jáde, awakọ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó dì í mú pẹ́. "Dókítà Pákó, ó dìgbà. Ikùn ṣì ń dùn mí o."

Mo gbé àga alápá sẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Bàámi ní kí n fa gbogbo dúrọ́ọ̀ náà fún àwọn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó ké. Wọn ò yìn mí. Wọ́n ní ilẹ̀kùn òsì ga ju tọ̀tún lọ. Mo wò ó. Ó ga jù ú lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án

Kọ́bọ́ọ̀dù ti dé ilé-ìwé. Tíṣà ní òun ń fa dúrọ́ọ̀ ẹ̀ síta láìní nǹkan tóun fẹ́ mú níbẹ̀.

Lónìí, onípákó já ẹrù tuntun sílẹ̀. Bàámi fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ ò gbé wọn. Wọ́n gbé ọwọ́, ọwọ́ náà ò dé ibi pákó.

"Bá mi kàn án."

Mo kàn án.

"Kí ló wí?"

Tẹ́lẹ̀ rí, ìka mi ì bá má tíì kúrò lára igi kí n tó dáhùn. Mo kúnlẹ̀. Mo gbé etí lé pákó náà, mo tún un kàn. Mo ń gbọ́ Màámi tí wọ́n ń gbálẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Mo ń gbọ́ mímí Bàámi. Mo kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mo ní, "Èyí ti dákẹ́, sà. Nǹkan ti ń jẹ ẹ́ nínú."

Bàámi mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí n kan èyí tó tẹ̀ lé e.